Òdòdó Ajẹ́lẹ̀ Lẹ́yìn Balùwẹ̀ Wa

Ẹ jẹ́ kí a dìde dúró, kí a ṣí fìlà fún ẹni àkọ́kọ́ nínú ọmọ ènìyàn tó gbin ohun tí ẹnu kò lè jẹ sí iwájú ilé rẹ̀. Ẹni tó gbin iṣu, ebi ló rán an níṣẹ́. Ẹni tó gbin òwú, òtútù ló rán an. Ẹni tó gbin ewúro, inú rírun ló ń sá fún. Ṣùgbọ́n ẹni tó gbẹ́ ilẹ̀, tó bu omi, tó lé ewúrẹ́ láti àárọ̀ dé alẹ́, nítorí kí ẹni tó ń kọjá lọ lè dúró kí ó sì bèèrè pé, "Ta ló ni ilé yìí?", ọlọ́lá ni ẹni náà, kò sí ohun tó rán an níṣẹ́ àfi ọkàn ara rẹ̀. Àwọn ọba ti jagun nítorí ohun tí kò tó èyí. Nínú ìdílé tiwa, ẹni tó kọ́kọ́ gun òkè ọlá yìí ni Bàbá Sálíù, àbúrò bàbá mi, tó jẹ́ mẹ́sẹ́njà ní ọ́fíìsì Ajẹ́lẹ̀ òyìnbó. A fi ọdún kan gbé lábẹ́ òjìji òdòdó rẹ̀. N kò tíì rí ọdún mìíràn tó kọ́ mi lọ́gbọ́n tó bẹ́ẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni mo lọ sí yunifásítì.

Pákátà ni ilé wa wà ní Ìlọrin. Ohùn ládàánì ló máa ń kọ́kọ́ jí mi, lẹ́yìn rẹ̀ ni ìró ìdérí búútà tí àwọn àgbà fi ń ṣe àlùwàlá, lẹ́yìn ìyẹn ni ikọ́ Ìyá Àgbà, tó máa ń wú bí ẹni ń pe ẹnì kan lórúkọ. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́ díẹ̀, òfì bàbá mi yóò bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, gbà-kẹ́rẹ́, gbà-kẹ́rẹ́, títí oòrùn yóò fi rọ̀. Ahunṣọ ni bàbá mi, kì í fọhùn púpọ̀; mo rò nígbà náà pé òfì ló ń bá a sọ tirẹ̀. A máa ń fi àkàrà jẹ ẹ̀kọ gbígbóná láàárọ̀, a sì máa ń fi ọbẹ̀ lúrú jẹ tùwó lálẹ́. Ọjọ́ tí obìnrin Fúlàní bá gbé igbá wàrà wọlé, ìjà ni láàárín àwọn ọmọ. Iṣẹ́ tèmi ni kí n gbá agbo ilé, kí n pọn omi sínú àmù, kí n sì da eérú nù sí ààtàn. Iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò rán mi ni ìbéèrè. Ìyá Àgbà, tó bí bàbá mi, tí gbogbo wa ń bẹ̀rù tí a sì ń rọ̀ mọ́, ní ẹnu mi dà bí ihò tí omi balùwẹ̀ ń gbà jáde, ohun gbogbo ló ń gba ibẹ̀, kò sì ní ìdérí.

Ihò yẹn gan-an ni ọ̀rọ̀ mi. Balùwẹ̀ wa fara ti ògiri tó dojú kọ ọ̀nà mọ́ṣáláṣí. Ihò kan wà nísàlẹ̀ ògiri náà tí omi ìwẹ̀ ń gbà jáde sí ìta, ibẹ̀ ni ìdò hù sí, ó pọ̀, ó tutù, ó sì bo ìtìjú omi ọṣẹ wa lójú àwọn tó ń lọ kírun. Ẹni tó bá ní òun kò mọ ìdò, ó ti rí i láìmọ̀. Ewé rẹ̀ dà bí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí kò tíì dàgbà. Òdòdó rẹ̀ pupa, ó tẹ́ẹ́rẹ́, bí ẹni tí ojú ń tì. Èso rẹ̀ ní ara háráhárá, bí orí ọmọkùnrin tí wọ́n fá ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Bí ó bá là, wóró dúdú róbótó, líle bí òkúta, ni yóò bọ́ sí ọwọ́ rẹ. Wóró yìí ni Ìyá Àgbà fi ń sín tẹ̀súbáà. Kò sín in tà. Àwọn ọmọbìnrin ilé nìkan ló ń sín in fún, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tó ti ilé wa lọ sí ilé ọkọ láìmú tẹ̀súbáà ìdò dání. Ó máa ń sọ fún wọn pé, "Omi tí a fi wẹ̀ yín láti kékeré ló bọ́ ìdò yẹn. Bí ẹ bá ń fi ṣe àsíkìrì ní ilé onílé, ilé yín ni ọwọ́ yín ń kàn." Mo ti gbọ́ wàásù púpọ̀ láyé mi, láti orí ìmọ́báà mọ́ṣáláṣí àti láti ẹnu ọ̀jọ̀gbọ́n, n kò tíì gbọ́ èyí tó kúrú tó yẹn tó sì pẹ́ lára mi.

Ẹni tó kàn láti gba tirẹ̀ lọ́dún náà ni Sàfúrátù, àbíkẹ́yìn Ìyá Àgbà, àbúrò bàbá mi àti Bàbá Sálíù. Wọ́n ti fi yìgì rẹ̀ sí ẹ̀yìn Iléyá. Ilé ọkọ rẹ̀ wà ní òdì kejì odò Asà. Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ti gba tiwọn, wọn a sì máa yọ ọ́ jáde níbi gbogbo ìsọmọlórúkọ bí ẹni pé wọ́n gbàgbé pé ó wà lọ́wọ́ wọn. Sàfúrátù ti yan òwú tí wọn yóò fi sín tirẹ̀. Ó ti yan ẹni tí yóò kọ́kọ́ fi hàn pẹ̀lú.

Bàbá Sálíù nìyí: fìlà pupa, ṣòkòtò kakí, bájì idẹ lókè àyà tó ń fi eérú dán láràárọ̀ títí yóò fi máa dá oòrùn padà sí ojú ewúrẹ́. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó gbé ìwé láti ọ́fíìsì lọ sí ilé Ajẹ́lẹ̀, kí ó sì gbé ìwé láti ilé Ajẹ́lẹ̀ padà sí ọ́fíìsì. Kò lè ka èyíkéyìí nínú wọn, ṣùgbọ́n bí ó ṣe ń gbé wọn, ìwọ yóò rò pé òun ló kọ wọ́n. Ó máa ń jókòó lórí àpótí kẹrosíìnì nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jókòó lórí ẹní. Nígbà tí Ìyá Àgbà bi í léèrè irú ọmọ tó ń jókòó ga ju ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ, ó ní orúnkún ló ń dun òun. Orúnkún náà kì í dùn ún bí wọ́n bá gbé tùwó kalẹ̀.

Òjò àkọ́rọ̀ ti rọ̀ nígbà tó gbé àpò kan wọlé lọ́sàn-án ọjọ́ kan, tó fi ọwọ́ méjèèjì gbá a mọ́ra bí ọmọ tuntun. Ìyá Àgbà ti lọ sí Ọjà Ọba. Gbòǹgbò ló wà nínú àpò náà, ó wú, ó sì ní ojú bí atalẹ̀. Bàbá Sálíù gbé ọkọ́, ó hú ìdò ẹ̀yìn balùwẹ̀ tigbòǹgbò-tigbòǹgbò, ó kó o dà sí ààtàn lẹ́yìn ilé, ó gbin tirẹ̀ síbẹ̀, ó kó erùpẹ̀ jọ lé e bí ebè gígùn, ó wá to òkúta yí i ká, ó sì fi ẹfun kùn wọ́n funfun báláú, nítorí bẹ́ẹ̀ ló ṣe rí ní ilé Ajẹ́lẹ̀. Mo ń bá a gbé igbá ẹfun, mo sì ń béèrè ìdí tí òkúta fi gbọ́dọ̀ funfun. Ó ní kí òdòdó má baà ṣìnà ni.

Ìyá Àgbà dé, ó dúró, ó gbé ẹrù orí rẹ̀ kalẹ̀.

"Sálíù, sàréè ta nìyí?"

"Ìyá, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀. Òdòdó ni. Ti Ajẹ́lẹ̀ ni."

"Ajẹ́lẹ̀ ló kú?"

"Ìyá! Òdòdó tó wà nínú ọgbà rẹ̀ ni mo ní. Láti Lọ́ńdọ́nù ló ti wá."

"Ìdò mi ńkọ́?"

"Igbó yẹn? Mo ti kó o dà nù. Ìran kan náà ni wọ́n, Ìyá, ìdò ni eléyìí náà, ṣùgbọ́n eléyìí ti rìnrìn àjò."

"Ó lọ kéwú ni?" Ìyá Àgbà wo ebè náà láti òkè dé ilẹ̀. "Ṣé yóò so?"

"Kí ni yóò ṣe tí kò ní so? Wóró rẹ̀ á tóbi tó ẹyin awó."

"Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ni yóò máa bá Sàfúrátù ru tẹ̀súbáà náà nígbà yẹn."

Mo rẹ́rìn-ín, bàbá mi náà rẹ́rìn-ín nídìí òfì, ṣùgbọ́n Sàfúrátù tó dúró lẹ́nu ọ̀nà kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, Iléyá kò jìnnà mọ́. Ìyá ọkọ mi ti rí ti àwọn ẹ̀gbọ́n mi, ó ti fọwọ́ pa á wò. Ọjọ́ tí mo bá wọlé rẹ̀, á bi mí pé èwo ni tèmi. Kí ni kí n wí? Kí n ní ó wà ní ààtàn?"

Bàbá Sálíù bọ́ fìlà pupa náà, ó gbé e sókè. "Wàlláhì, bí òdòdó yìí kò bá so kí o tó lọ, n kò ní dé fìlà yìí mọ́."

Bàbá Ládàánì, àgbàlagbà tó ń pe ìrun ní mọ́ṣáláṣí wa, ń kọjá lọ lọ́wọ́ yẹn. Ó fi ọwọ́ di etí rẹ̀ kan mú bí ẹni fẹ́ pe ìrun. Ó ní, "Mo gbọ́ o. Sálíù, mo gbọ́ o." Láti ọjọ́ náà lọ, kò kọjá lẹ́ẹ̀kan láìbèèrè pé, "Fìlà ńkọ́?"

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Ìyá Àgbà pe Bàbá Sálíù, ó ní òun ti ro ọ̀rọ̀ náà. Omi ọṣẹ dúdú kọ́ ni wọ́n fi tọ́ òdòdó yìí ní Lọ́ńdọ́nù. Ó lè pa á. Inú ọkùnrin náà dùn pé ìyá òun ti ń lajú. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe fi àkísà dí ihò ògiri balùwẹ̀ wa, tí Ìyá Àgbà sì gbé ìkòkò fífẹ̀ kan síbẹ̀ kí omi ìwẹ̀ lè máa ṣàn sínú rẹ̀. Èmi ni iṣẹ́ náà bọ́ sí lọ́wọ́. Láràárọ̀, mo gbọ́dọ̀ pọn omi tó mọ́ gaara wá láti odò fún òdòdó Ajẹ́lẹ̀, kí n tó wá fi igbá gbọ́n omi tí Sàfúrátù fi wẹ̀, kí n gbé e lọ sí ààtàn.

"Má kàn dà á nù," Ìyá Àgbà wí fún mi. "Wo ohun tó bá ń hù níbẹ̀, kí o dà á sí ìdí rẹ̀."

"Kí ló ń hù níbẹ̀, Ìyá Àgbà?"

"Ojú wà lórí rẹ, Àṣàkẹ́. Ẹnu rẹ nìkan ni kí o fi sílẹ̀ nílé."

Mo lọ, mo rí i. Láàárín èèpo iṣu àti àfọ́kù ìkòkò, ìdò tí Bàbá Sálíù dà nù ti yọ ìka aláwọ̀ ewé. Ìdò kì í kú bọ̀rọ̀; ohun tí omi ẹlẹ́gbin ti mọ́ lára, ààtàn kò lè dẹ́rù bà á. Mo sáré padà, ẹnu mi ti là, ṣùgbọ́n bí Ìyá Àgbà ṣe wò mí, mo pa á dé. Àṣírí kò rọrùn fún ọmọ tó ń béèrè ìdí tí òkúta fi funfun. Mo gbé e mọ́ra bí ẹni gbé ẹyin sẹ́nu.

Nígbà tó yá, òdòdó Ajẹ́lẹ̀ là. N kò ní purọ́ mọ́ ọn nítorí pé mo fẹ́ pa yín lẹ́rìn-ín: ó lẹ́wà. Ó fẹ̀ bí ọwọ́ àgbàlagbà, ó pọ́n bí pupa inú ẹyin adìyẹ, àmì pupa tó-tò-tó sì wà lára rẹ̀, etí rẹ̀ sì ṣẹ́ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ bí aṣọ tí atẹ́gùn ń fẹ́. Àwọn tó ń lọ kírun bẹ̀rẹ̀ sí í pẹ́ dé mọ́ṣáláṣí. Àáfà kan ládùúgbò, tí kò tíì kọjá Jẹ́bà láyé rẹ̀, ní òun ti rí irú rẹ̀ ní Mẹ́kà. Ìyàwó aláṣọ kan ní kí Bàbá Sálíù bun òun ní gbòǹgbò rẹ̀ kékeré, èyí tí kò ní jẹ́ kí tiwa dínkù. Ẹlòmíràn kò tọrọ, ó kàn wá kúnlẹ̀ síbẹ̀ bí ẹni tí okùn bàtà rẹ̀ tú, ó sì lọ pẹ̀lú ọwọ́ tó kún fún erùpẹ̀. Ewúrẹ́ jẹ ẹyọ kan, Bàbá Sálíù ní òun yóò fi ẹjọ́ rẹ̀ sun Ajẹ́lẹ̀. Àwọn ènìyàn gbà á gbọ́, wọ́n so ewúrẹ́ wọn mọ́lẹ̀. Ìlú tí ẹnikẹ́ni kò lè sọ fún pé kó so ewúrẹ́ mọ́lẹ̀ láti ayébáyé, òdòdó kan ló mú un ṣe é.

Èmi kò níṣẹ́ méjì ju kí n máa wò ó. Lẹ́yìn ilé kéwú, n ó gbé wàláà mi ti ògiri, n ó lóṣòó tì í. Mo ti wo ti ààtàn dáadáa: bí òdòdó pupa kékeré yẹn bá rọ, kókó aláwọ̀ ewé tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í wú, yóò sì di háráhárá. Ti Ajẹ́lẹ̀ náà ní kókó nísàlẹ̀. Ṣùgbọ́n bí òdòdó ńlá náà bá ti rọ, kókó náà yóò gbẹ, yóò sì já bọ́ sílẹ̀ bí èékánná tí a gé. Mo ṣà wọ́n sínú àwo, mo gbé wọn fún Bàbá Sálíù.

"Bàbá, wọ́n ti já."

"Àwọn tó kọ́kọ́ dé nìyẹn. Nǹkan òyìnbó kì í kánjú."

Mo gbé wọn fún bàbá mi. Ó dá òfì dúró, ó wò wọ́n pẹ́. Ó ní, "Ohun tó lẹ́wà tó yẹn, ó lè rò pé òun kò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè èso." Ó bẹ̀rẹ̀ sí í hunṣọ lọ.

Àgbò bẹ̀rẹ̀ sí í ké ní gbogbo agbo ilé. Ẹni tó bá gbọ́ igbe àgbò ní Ìlọrin ti mọ̀ pé Iléyá ti kan ilẹ̀kùn. Òdòdó Ajẹ́lẹ̀ ń là, ó ń rọ, kò so. Bàbá Ládàánì kò béèrè "Fìlà ńkọ́?" mọ́, ó kàn ń fọwọ́ pa orí ara rẹ̀ bí ó bá ń kọjá, ìyẹn sì burú jù. Bàbá Sálíù ń fi oúnjẹ sílẹ̀. Ó ti sọ̀ kalẹ̀ láti orí àpótí kẹrosíìnì láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni sọ fún un. Ọjọ́ kan, mo bá Sàfúrátù nínú balùwẹ̀, ó ti wẹ̀ tán, ó sì jókòó ti ìkòkò omi náà, ó ń sunkún láìpariwo. Ó ní òun yóò bẹ Ìyá Àgbà kí wọ́n sún yìgì náà síwájú. Ó ní òun kò lè jẹ́ ẹni tó kọ́kọ́ lọ lọ́wọ́ òfìfo. Mo gbé igbá omi náà, mo lọ bá Ìyá Àgbà.

"Ìyá Àgbà, èso ìdò ti pọ̀ ní ààtàn. Òmíràn ti fẹ́ là. Ẹ jẹ́ kí n sọ fún Ẹ̀gbọ́n Sàfúrátù."

"Bí o bá sọ fún un, á dákẹ́ ẹkún."

"Ṣé ẹ kò fẹ́ kó dákẹ́ ni?"

"Bó bá dákẹ́, Sálíù á sinmi. Ẹni tó ba nǹkan jẹ́ ni kó wá a rí." Ó dìde, ó kó eérú inú àdògán sínú agbọ̀n kan, ó pe Bàbá Sálíù jáde. "Àlàó, bá mi da eérú yìí sí ààtàn."

"Èmi, Ìyá? Pẹ̀lú fìlà lórí?"

"Ṣebí o ṣì ń dé e. Lọ kó tó di pé o kò dé e mọ́."

Nígbà tó jẹ́ pé oríkì rẹ̀ ló fi pè é, kò rí ẹnu kọ̀. Ó gbé agbọ̀n náà. Mo gba ẹ̀yìn ògiri lọ. Mo rí i tó dúró lójú ààtàn, ìdò ga dé àyà rẹ̀, ó tutù ju ti àtijọ́ lọ, èso háráhárá sì kún orí rẹ̀. Ó kọ́kọ́ dúró gbagidi. Lẹ́yìn náà ó kúnlẹ̀ lórí èèpo iṣu nínú ṣòkòtò kakí Ajẹ́lẹ̀, ó bọ́ fìlà pupa, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ká èso sínú rẹ̀. Inú mi dùn. Mo rò pé yóò lọ bá ìyá rẹ̀, yóò dọ̀bálẹ̀, yóò sọ pé, "Ìyá, ìdò yín kò kú." Ìyá Àgbà náà rò bẹ́ẹ̀, ó sọ fún mi lẹ́yìn ọjọ́ náà. Àwa méjèèjì kò tíì mọ bí ìgbéraga ṣe lágbára tó. Bàbá Sálíù gba ẹ̀yìn ilé wọlé nígbà tí bàbá mi lọ kírun ọ̀sán, ó já òwú alárì pupa nínú ti òfì, ó lọ sí ẹ̀yìn balùwẹ̀, ó sì ń fi òwú náà de èso ìdò ààtàn lọ́kọ̀ọ̀kan mọ́ igi òdòdó Ajẹ́lẹ̀. Ahọ́n rẹ̀ yọ síta bí ti ọmọ tó ń kọ́ bí a ṣe ń kọ alífù. Mo wẹ̀yìn, mo rí Ìyá Àgbà lójú fèrèsé. Ó di ìró rẹ̀ mú nítorí pé ẹ̀rín fẹ́ tú u.

Lẹ́yìn ìrun Àlàásárì, Bàbá Sálíù dúró sí ojú ọ̀nà, ó ké. "Ẹ wá wò ó o! Ẹ̀yin tó ń fọwọ́ pa orí, ẹ wá wò ó! Ó ti so!" Àwọn ènìyàn tú jáde ní mọ́ṣáláṣí. Sàfúrátù sáré jáde, ojú rẹ̀ wú. Bó ṣe rí èso náà, ó fọwọ́ bo ẹnu. Bàbá Ládàánì tẹ̀ síwájú, ó mú èso kan wò láìká a.

"Níbo ni ẹyin awó wà nínú eléyìí?"

"Ọdún àkọ́kọ́ nìyí, Bàbá. Ó ṣì ń dàgbà."

"Ó mà jọ ìdò tiwa o."

"Mo ti sọ pé ìran kan náà ni wọ́n."

Ìyá Àgbà gbé igbá dé. Bàbá Sálíù ní, "Ìyá, ẹ má yọ ara yín lẹ́nu, ẹ jẹ́ kí n ká a fún yín." Òógùn ti bò ó.

"Rárá, ọmọ mi. Ọwọ́ ẹni tí yóò sín in ló yẹ kó ká a. Bìsìmílà." Ó kọ ẹ̀yìn sí àwọn èrò, ó fẹ gèlè àti ìborùn rẹ̀ bí adìyẹ tó ń ràdọ̀ bo ọmọ, ó sì ń fi eyín gé òwú lọ́kọ̀ọ̀kan. Èso ń bọ́ sínú igbá, òwú pupa ń bọ́ sílẹ̀, ó ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ wọ́n mọ́ erùpẹ̀. Mo wà lábẹ́ apá rẹ̀, mo sì rí gbogbo rẹ̀. N kò mọ ìgbà tí ẹnu mi là.

"Ìyá Àgbà, òwú Bàbá..."

Kúlíkúlì kan tó tóbi ju ẹnu mi lọ wọlé kí n tó parí rẹ̀. Títí di òní, n kò mọ ibi tó ti yọ ọ́.

Ó yíjú sí àwọn èrò, ó gbé igbá sókè. "Ẹ bá mi kí Sálíù o. Ilẹ̀ tó hu eléyìí, mo mọ̀ ọ́n dáadáa." Wọ́n kí i. Bàbá Ládàánì pàápàá kí i. Bàbá Sálíù dé fìlà rẹ̀ padà, èèpo iṣu gbígbẹ kan sì lẹ̀ mọ́ ọn lókè, kò sí ẹni tó sọ fún un. Bàbá mi nìkan ló bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó mú fọ́nrán alárì kan, ó wò ó, ó sì wí fún àbúrò rẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ pé, "Bí òdòdó rẹ bá tún fẹ́ so, kó kọ́kọ́ sọ fún mi."

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni Ìyá Àgbà bẹ̀rẹ̀ sí í dá ihò lu wóró wọ̀nyẹn. A kì í jẹ́ kí wọ́n le tán kí a tó lù wọ́n. Bí wọ́n bá le tán, abẹ́rẹ́ ni yóò ṣẹ́. Ó ń fi abẹ́rẹ́ gbígbóná gún wọn, èéfín tẹ́ẹ́rẹ́ ń jáde, òórùn rẹ̀ dà bí ti àgbàdo tó fẹ́ jóná. Èmi ń fi òrí pa èyí tó ti lù. Mo bi í léèrè ìdí tí kò fi jẹ́ kí n sọ̀rọ̀. Mo ní irọ́ ni Bàbá Sálíù pa, gbogbo ènìyàn sì ti gbà á gbọ́.

Ó fẹ́ atẹ́gùn sí wóró kan, ó gbé e sójú iná wò. "Sàfúrátù ti rí tẹ̀súbáà. Omi tó fi wẹ̀ ló bọ́ ọ. Ẹni tó hú u nù ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ ká a wá. Kí ló kù?"

"Ẹ̀tẹ́ tirẹ̀ ló kù."

"Kí ni mo fẹ́ fi ẹ̀tẹ́ rẹ̀ ṣe? Ṣé ó ṣeé sín?"

Mo ti ka ìwé àwọn tó mọ̀ nípa ìwà ọmọ ènìyàn, àwọn tó kọ orí mẹ́wàá lórí ìdáríjì, n kò rí ìbéèrè yẹn nínú rẹ̀. Sàfúrátù lọ sí òdì kejì odò Asà lẹ́yìn Iléyá, tẹ̀súbáà náà wà lọ́wọ́ rẹ̀, kì í ṣe nínú ẹrù. A gbọ́ pé ìyá ọkọ rẹ̀ béèrè kó tiẹ̀ tó jókòó. Nígbà tó padà wá kí wa, ọwọ́ ti sọ wóró rẹ̀ di dídán, ó sì fi han gbogbo ènìyàn bí ẹni pé ó gbàgbé pé ó wà lọ́wọ́ òun.

Ọdún pọ̀ kí n tó mọ ìdí tí òdòdó Ajẹ́lẹ̀ kò fi so. Yunifásítì ni mo ti kà á. Ìwé náà ní àwọn olùtọ́jú ọgbà ní ilẹ̀ òyìnbó ló da oríṣiríṣi ìran ìdò pọ̀ nítorí ẹwà, títí ọ̀pọ̀ nínú wọn fi yàgàn. Ó tún ní ohun tí a ń wò tí a ń pè ní òdòdó lára ìdò kì í ṣe òdòdó gan-an. Ẹ̀yà tó yẹ kó jẹ́ akọ ni, tó yẹ kó máa pèsè àtíkè tí èso fi ń so. Ó fi iṣẹ́ sílẹ̀, ó fẹ ara rẹ̀, ó kun ara rẹ̀ ní àwọ̀, ó sì di ọ̀ṣọ́. Mo gbé orí sókè nínú yàrá ìkàwé náà, mo wo àwọn olùkọ́ mi nínú aṣọ gbàgẹ̀rẹ̀ wọn, mo wo ara mi pẹ̀lú, mo sì rántí fìlà pupa kan. Bàbá Sálíù ṣì wà láyé nígbà náà. Mo lọ sọ ohun tí mo kà fún un, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó sì wá sọ ohun tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni rí: Ajẹ́lẹ̀ kò fún un ní gbòǹgbò yẹn. Orí ààtàn Ajẹ́lẹ̀ ló ti ṣà á.

GRA ni mo ń gbé báyìí, kò jìnnà sí ibi tí Bàbá Sálíù máa ń gbé ìwé lọ. Ìdò kan wà lẹ́yìn ilé nígbà tí mo kó débẹ̀, ti pupa kékeré yẹn. Mo ní kí wọ́n hú u, ó dà bí igbó. Mo gbin èyí tó ní òdòdó ńlá sí ẹ̀bá géètì. Òkúta wà yí i ká, mo ní kí wọ́n kùn wọ́n funfun. Àwọn tó ń kọjá máa ń dín eré mọ́tò kù láti wò ó. Kò so rí. Nígbà tí yìgì ọmọ-ọmọ mi kù díẹ̀, ó ní òun fẹ́ tẹ̀súbáà bíi ti àwọn ìyá wa, láti inú ọgbà mi. Mo lọ sí Ọjà Ọba, mo ra wóró ìdò lọ́wọ́ obìnrin kan, mo sín in, mo sì sọ fún ọmọ náà pé òdòdó ẹ̀bá géètì ló so ó. Ó gbà mí gbọ́. Ó dì mọ́ mi. Èmi náà ti ṣe bíi Bàbá Sálíù.